Àsọtẹ́lẹ̀ Ìjà Kickboxing: Kí Ni Ojú Yín Ti Rí?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ṣé ẹ ti fọwọ́ sọ̀yà rí pé lágbájá ni yóò borí, kí ìjà wá yí mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa. Èmi ni màá ṣíde.

Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjà sí. Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù: èmi, àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì, àti bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì. Òfin kan ṣoṣo la ní: o ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ láìkọ ìdí rẹ̀ síwájú ẹ̀.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Israel Adesanya fẹ́ pàdé Alex Pereira, ọmọ Brazil, ní Madison Square Garden, New York. Mo mọ̀ pé UFC nìyẹn, ìdíje tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá jà, tí wọ́n tún ń jìjàkadì mọ́ ọn. Àmọ́ ìdí kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá láìsí ìjàkadì, ni àwọn méjèèjì ti gbéra, gbèsè ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ wá san. Pereira ti nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ní China lọ́dún 2016, àwọn adájọ́ ló dá a láre. Ní Brazil lọ́dún 2017, Adesanya ń jà dáadáa, rẹfirí tiẹ̀ ti dá ìjà dúró ka oókà fún Pereira tí ẹ̀ṣẹ́ wọ̀ lára ní abala kejì, àfi bí Pereira ṣe fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gbé e sùn ní abala kẹta.

Àwa mẹ́ta kọ Adesanya. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1989, kí wọ́n tó gbé e lọ sí New Zealand. Mobọ́lájí àti Tèmítáyọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn? Ohun tí mo kọ síwájú orúkọ náà ni, "Ó ti gbọ́n sí i." Bàbá alágogo kọ Pereira. Ìdí tiwọn ni, "Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́."

A gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ti ń mọ́, dátà ń jó lọ. Abala mẹ́rin lọ, Adesanya wà níwájú. Ọmọṣẹ́ mi kékeré ti ń jó. Ní abala karùn-ún ni Pereira tì í mọ́ wáyà tí wọ́n fi yí ibi ìjà ká, tó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò ó. Ìṣẹ́jú méjì abala náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni rẹfirí kó sí wọn láàárín. Bàbá ò fò, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹ ṣí ìwé." Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tí mo kọ kì í ṣe ìdí rárá. Ìfẹ́ ni mo kọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Miami lóṣù Kẹrin ọdún 2023, ẹ̀rù ti bà mí, mo kọ Pereira. Bàbá yí padà, wọ́n kọ Adesanya: "Tí Pereira bá ń lé èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀." Pereira ta ọmọ wa nípàá lẹ́sẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn ti wáyà, ó wá wọlé láti parí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Adesanya ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ṣubú gbalaja ní abala kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Adesanya nawọ́ sí ọmọ Pereira láàárín èrò, tó sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó kú. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe sí òun náà nìyẹn ní Brazil nígbà tó wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ gbé Adesanya sùn. Ọdún mẹ́fà ni ó fi gbé e sínú.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Rotterdam

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn ọmọ Morocco tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kó mi wọ inú kickboxing. Badr Hari ni ọba wọn. Wọ́n sọ fún mi pé yóò gbé Rico Verhoeven, ọmọ Netherlands níbí, ṣubú, èmi náà gbà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọ̀kan nínú wọn mú mi lọ sí GelreDome ní Arnhem.

Mi ò gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Ní abala àkọ́kọ́, Rico ṣubú. Ní abala kẹta, ó tún ṣubú! Ọ̀rẹ́ mi di mí lọ́wọ́ mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Hari wá yí bírí láti fi gìgísẹ̀ ta á nípàá, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló bà jẹ́. Kò lè dúró lórí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ Rico sókè nìyẹn. Ohun tó jọ èyí ló ṣẹlẹ̀ sí Hari nígbà tí òun àti Rico kọ́kọ́ pàdé ní Oberhausen, Jámánì, lọ́dún 2016: apá ló dùn ún ní abala kejì, kò lè jà mọ́. Ohun tá a sọ ṣẹ, Rico ṣubú lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tá a mú ló pàdánù. Títí tá a fi wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Benjamin Adegbuyi, ọmọ Romania. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Mo pe àwọn ìbejì mi wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí wọ́n ka orúkọ yẹn fún mi. Wọ́n kà á bí àwọn Òyìnbó ṣe ń kà á. Mo ní, "Ó tì o. A-dé-gbù-yì. Adé gba iyì." Rotterdam níbí ni òun àti Hari ti jà lọ́dún 2020, nígbà kòrónà. Kò sí èrò nínú gbọ̀ngàn, ẹ máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọ́ wọn níjà ketekete, ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ bí ìpá ṣe ń dún lára.

Hari kọ́kọ́ gbé e ṣubú. Mo ní ó ti tán, mo bọ́ sí kíṣìnì lọ wo omi ẹ̀bà mi. Àfi bí Táíwò ṣe pariwo, "Mama, Adé gba iyì!" Kí n tó sáré dé, Hari ni wọ́n ń kà fún. Abala kẹta ni wọ́n dá ìjà dúró, Adégbùyì borí. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, lórí fóònù ni mo ti wá wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kì í dìde títí wọn ó fi gbé ọwọ́ ẹnì kan sókè.

Ẹlẹ́sẹ̀ Líle

Mo kọ́ kickboxing fún ọdún méjì ní Sùúrùlérè, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ẹnì kan dán ara wò, ó fi ojúgun gbá mi nítan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò rò ó sí nǹkan kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ sókè wọ dánfó. Kọ̀ǹdọ́ ló fà mí wọlé. Nítorí náà, tí mo bá ń wo ìjà báyìí, ẹsẹ̀ tó wà níwájú ni mò ń wò. Tí ẹni tó ń fi òsì síwájú bá ṣàdédé kó ọ̀tún síwájú, ẹ béèrè bóyá ọgbọ́n ìjà ni àbí ìrora. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí ní ilé ìwòran nìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ ojú là ń pariwo sí.

Lóṣù Kìíní ọdún 2017, Adesanya bá Jason Wilnis jà fún bẹ́líìtì Glory, àjọ ìjà kickboxing kan, ní Los Angeles. Ìpá ẹsẹ̀ ni Wilnis ń dá sí i lára ṣáá. Àwọn adájọ́ fún Wilnis, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bínú. Èmi náà bínú, títí mo fi tún un wò láìsí ohùn. Tí ẹni tó ń ṣàlàyé ìjà ò bá bá yín sọ̀rọ̀ létí, ojú yín á rí nǹkan míì. Mo ṣì rò pé ìjà náà sún mọ́ra gan-an, àmọ́ mi ò pe ìyẹn ní ojúsàájú mọ́.

Ẹ tún máa béèrè ìwọ̀n ara. Ìjà Tenshin àti Takeru, ọmọ Japan méjì tó ń ja kickboxing, ní Tokyo Dome, oṣù Kẹfà ọdún 2022, èrò tó lé ní 56,000 ló wò ó. Takeru tó máa ń jà ní 60 kílò ní láti sọ̀kalẹ̀ sí 58, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ju 62 lọ́jọ́ ìjà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún mú Takeru torí pé mo fẹ́ràn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń nà án. Ẹ̀ṣẹ́ òsì Tenshin gbé e ṣubú ní abala àkọ́kọ́, àwọn adájọ́ márààrún ló fún Tenshin. Takeru sunkún, ó dùn mí dé egungun.

Àyìnlá Gáàsì

Tèmi ò gùn. Oṣù Kẹta ọdún 2025, Takeru àti Rodtang, ọmọ Thailand, ní Japan. Mo ta tẹ́tẹ́ pé ìjà náà á dé òpin, torí orí àwọn méjèèjì le bí àpáta. ₦20,000, owó tí ìyàwó mi ní kí n fi ra gáàsì. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni Rodtang fi parí rẹ̀. Igi la fi dáná lọ́sẹ̀ yẹn, èéfín ń wọ ojú ọmọ wa, mi ò lè wo ìyàwó mi. Mo ṣì ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, àmọ́ owó kò sí níbẹ̀ mọ́.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Àyìnlá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kí ìyàwó fún wa.

Mo ka gbogbo ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ bàbá alágogo. Wọ́n ní kí n fa ìlà kan kún ìwé wa. Mo ti fi rúlà fà á: orúkọ, abala, ìdí, ẹsẹ̀ tó wà níwájú. Wọ́n sì ní ìbéèrè fún Ẹlẹ́sẹ̀ Líle: itan wo ni wọ́n gbá yín lọ́jọ́ yẹn, ti inú ni àbí ti ìta, ọjọ́ mélòó ló sì tó kí ẹ tó lè rìn dáadáa? Wọ́n ń dúró.