Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa kọ ìtàn Ìyá wa tí kò fi Òkukù sílẹ̀ rí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀bùté Mẹ́tta ni mo ń gbé. Ìyá tó bí màmá mi ti lọ sinmi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ní Òkukù, ìlú wa ní Odò-Ọ̀tìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú, torí pé ilé mi ló sún mọ́ Ṣómólú tí a ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́rú ni atẹ̀wé fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó. Ìlà mẹ́rin péré ni mo rí kọ: wọ́n bí wọn ní Òkukù, wọ́n lọ́kọ ní Òkukù, wọ́n bí ọmọ mẹ́fà ní Òkukù, wọ́n kú ní Òkukù. Ẹni tó bá kà á á rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láyé Ìyá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá.

Ẹ̀kọ ni Ìyá ń tà. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Nígbà tí a bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, a ò tíì ní í jí tí wọ́n á ti máa sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé. Àgbàdo tó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n á lọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á yọ omikan orí rẹ̀ kó tó kan iná. Tí orógùn bá ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má kí wọn o, wọn ò ní dáhùn, torí ọwọ́ tó bá dúró ni ẹ̀kọ fi ń ní kókó. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé igbá karí, ó di ìdí réluwéè. Nínú owó ẹ̀kọ yẹn ni ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kàwé.

Dáódù Ìyá, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ kúrò, kí n kọ “oníṣòwò pàtàkì” sí i. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ pé Ìyá jẹ́ ẹni 120 ọdún. 1 January 1930 ló wà lára káàdì ìdìbò wọn, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọmọ tó ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ ló fi ojú wọ̀n ọ́n. Ìyá fúnra wọn máa ń sọ pé ọmú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí ogun Hítílà bẹ́ sílẹ̀. Dáódù yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ iléèwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Ìgbà wẹ́tíẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú ìgbà yẹn ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n bí àbíkẹ́yìn.

N kò fẹ́ já àgbà níyàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ìbejì, Súúrùlérè
Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn Ìyá á dára. Ọmọ mi, àwọn ọmọ Ìyá nìkan lo ń bi. Bi àwọn ìyàwó ilé. Àwọn ló ń ki oríkì ilé yẹn, àwọn ló bá Ìyá jókòó nídìí àdògán. Ní Òkukù tiyín níbẹ̀, rárà ni ìyàwó máa ń sun lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Wá ìyá àgbà kan tó ṣì rántí ohun tí Ìyá sun lọ́jọ́ tiwọn. Ìlà méjì péré tó bá rántí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà, Yábàá
Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ọdún 1939 ni ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ọmú rẹ̀ ń yọ á tó ọdún 12. Ìyẹn gbé wa dé nǹkan bí 1927. Ọjọ́ 17 oṣù January 1955 ni iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà Dáódù á ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, a jẹ́ pé Ìyá ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún nígbà tí wọ́n bí wọn. Ó bára mu. Wẹ́tíẹ̀, 1965 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1966: Ìyá ń sún mọ́ 40. Ó ṣì bára mu.

Ẹ wá wo 120. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2025 tí wọ́n kú, ọdún 1905 ni wọ́n bí wọn, wọ́n sì ti pé ẹni 60 kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn. Ẹ rọra fi ìṣirò yìí han Dáódù, ní kọ̀rọ̀. Iyì ìyá wọn ni wọ́n ń wá, 98 náà sì níyì. “Ní nǹkan bí ọdún 1927” ni kí ẹ kọ.

Alhaja, Òkè-Pópó
Àwa sin ìyá tiwa lọ́jọ́ tí wọ́n kú, kò sí ìwé kankan. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àlùfáà ní kí ọmọ kan sọ̀rọ̀ nípa wọn. A ń wo ara wa lójú. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Gba ohùn àwọn àgbà sórí fóònù rẹ kí wọ́n tó tú ká nílé òkú.

Bàbá Onírélùwéè, Ẹ̀bùté Mẹ́tta
Mo ṣiṣẹ́ réluwéè títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìrìn-in ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, kó tó wá gba Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo bá ọkọ̀ gbéra ní Ìddó. Tó bá ti fọn fèrè wọ irú àwọn ìlú yẹn, àwọn obìnrin á gbé igbá karí, wọ́n á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí ọkọ̀ bá gbéra kí o tó sanwó, ṣe lo máa ju owó náà sílẹ̀ fún wọn. Mi ò rí ẹni tó gbé ẹ̀kọ wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Ẹ̀kọ gbígbóná nínú ewé, lẹ́yìn tí èèyàn ti jókòó láti òru! Má yọ ọ́ o. Àwọn ìyá yẹn ló bọ́ wa lójú ọ̀nà.

Atẹ̀wé, Ṣómólú
Ojú ewé ìwé náà gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín: 12 tàbí 16. Ẹ má fi fọ́tò àwọn ọmọ kún un tán kí ó wá ku ojú ewé kan fún Ìyá, ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ fi àmì ohùn sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Tí àmì bá jábọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹ̀kọ ni ẹ kọ tàbí ẹ̀kọ́.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ìyàwó ilé wa tó dàgbà jù lálẹ́ àná. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Ìyá mú Dáódù lọ síléèwé ní 1955, tíṣà ní kó gbé ọwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá kó fi kan etí òdìkejì. Ọwọ́ ò tó o. Wọ́n dá wọn padà. Ìyá tún mú un lọ lọ́jọ́ kejì, ó di ọjọ́ kẹta, wọ́n á sọ igbá ẹ̀kọ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọn ò ní lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni tíṣà kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, ọkọ̀ ojú irin wá, ó lọ, Ìyá ò sí nídìí rẹ̀.

Mo ka ohun tí mo kọ sí Dáódù létí lórí fóònù ní àárọ̀ yìí. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé netiwọ́ọ̀kì ti lọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ní ká jọ ṣe é tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi ẹ̀kọ náà sí i, kí n sì kọ ọ́ pé gbígbóná ni Ìyá máa ń gbé e jáde.