Ìdáhùn: “Ìfitónilétí olùfaragbá” kọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àná ni mo ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn kọ, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ abala 270 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015. Abala yẹn ló sọ bí agbèfọ́ba, ẹni tó ń bá ìjọba rojọ́ ọ̀daràn ní kóòtù, ṣe lè bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣàdéhùn pé kó gbà pé òun jẹ̀bi, kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Wọ́n pe àdéhùn náà ní “ìdúnàádúrà ẹ̀sùn”. Ó dáa, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹni tó ń ná àdìrẹ l'Ítòkú nígbà tí ọlọ́jà ò sí nídìí ọjà rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kan “ìfitónilétí olùfaragbá”, tí wọ́n fi pe ohun tí agbèfọ́ba gbọ́dọ̀ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sọ kó tó ṣàdéhùn, ọwọ́ mi ṣì wà nínú láfún, mo yọ ọ́, mo mú fóònù.

“Olùfaragbá” ò ní pẹ́ mi. Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé, kí ló fara gbá? Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni bàbá mi, níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, “ẹni tí wọ́n ṣẹ̀” ni wọ́n máa ń kọ. Ó tán.

“Fi tó létí” gan-an ni ìjà mi. Tí mo bá fi tó ọ létí pé mo ti ta ilẹ̀ bàbá wa, ṣé o ṣì lè sọ iye tó yẹ kí n tà á? Mo ti tà á, mo ti náwó ẹ̀. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí agbèfọ́ba tó ṣàdéhùn, kó ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà, kó fọ̀rọ̀ lọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀, kó sì fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ lórí ohun tó wà nínú àdéhùn, títí kan owó gbà-má-bínú àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dá padà. Níbòmíràn nínú abala kan náà, òfin tún béèrè ju kí wọ́n kàn fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ lọ: ìyọ̀ǹda ẹni náà ló ní kí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹ̀gbọ́n wá da fìlà kan bo orí méjèèjì.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 2005, ilé iṣẹ́ ìfọpo BP bú gbàù ní Texas City l'Amẹ́ríkà, èèyàn 15 kú. Ìjọba ti bá ilé iṣẹ́ náà ṣàdéhùn tán kí ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn tó kàn. Ní 2008, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ èrò wọn, àmọ́ kò torí ẹ̀ da àdéhùn náà nù. Ẹ ò rí i pé etí wọn ló gbọ́ ọ kẹ́yìn?

Ó yá, ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Àbúrò kan kọ “fọ̀rọ̀ lọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀” lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n ní kó lọ kọ́ àmì ohùn, pé “lọ̀” ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ti kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún! Rà á, ra iṣu. Gbà á, gba owó. Lọ̀ mí, lọ bàbá mi. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló gba ohùn ìsàlẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Nítorí náà, dípò “ìfitónilétí”, “ìfọ̀rọ̀lọni” ni tèmi, láìsí àmì lórí “lọ”. Ẹ má sì sọ fún mi pé “ìfilọ̀” ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́nì kankan ò fèsì. Ẹni tó wá fọ̀rọ̀ ìyàwó lọ̀ yín, ṣé kì í jókòó de èsì ni?

Ó dùn mí nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ mi gbé ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dé kóòtù lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, rìsíìtì wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ mi. Agbèfọ́ba dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkàrà wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, a ti yanjú ẹ̀ lánàá o, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi.” Ó gbé àkàrà mì. Etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní iye tí mo rà á.

Ta ni kí n bínú sí? Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́: ó ń gbè fún ọba, kò gbè fún mi. Òfin ló gbọ́dọ̀ tì í kó tó yíjú sí mi.

Àǹtí wa tó wà n'Íjẹ̀bú Òde, mo ti rí i pé ẹ ní “agbẹfọ́ba” ni, pé “gbẹjọ́” ló wà nínú ẹ̀. “Jọ́” ẹ̀ dà níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ “agbẹ” yẹn lẹ́nu àgbàlagbà Ẹ̀gbá kan rí, ẹ sọ àdúgbò tó ti sọ ọ́, mo máa lọ bá a fúnra mi.