Bí bíréékì ò bá mú mọ́ lórí eré: ẹ dá sí i, ẹ̀yin ará ilé àti ti òkè òkun

Àbẹ̀kẹ́ (Halifax, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì):
Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Ajílété. Ẹ kú ìfaradà òtútù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà bá mi dá sí. Ibi tí mò ń gbé yìí, òkè àti gẹ̀rẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, mo tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀, mọ́tò ò dúró. Ọlọ́run ló yọ mí. Títì dá, òkè kékeré kan sì wà níwájú tó gba eré lára mọ́tò. Mẹkáníìkì ní páìpù bíréékì ló dógùn-ún tó ń jò. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń já. Àbúrò mi ọkùnrin náà ń wa Camry bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Kí ni èèyàn ń ṣe gan-an nírú àsìkò yẹn?

Bọ̀dá Ìṣọ̀lá (Houston):
Àbẹ̀kẹ́, kú ewu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́ ní Owódé, l'Ọ́yọ̀ọ́, òun náà ni mò ń ṣe jẹun níbí, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Má pa ẹ́ńjìnì. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, sítíárìn á wúwo, agbára tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréékì á tán lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì, bí o bá sì yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ààyè, sítíárìn lè há pátápátá. Bíréékì ti lọ, ìwọ náà tún wá gba sítíárìn lọ́wọ́ ara rẹ. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kí o wá fi ẹsẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bíréékì.

Bí ẹsẹ̀ bá lọ kanlẹ̀ bíi tìrẹ, ọ́ìlì ló jò tàbí atẹ́gùn ló wọ inú rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, tú u, tẹ̀ ẹ́, tú u, kíákíá, léraléra. Ó lè kó ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù jọ kí ó fi mú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ọ́ìlì bíréékì sí nínú mọ́tò òde òní, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá jò, nítorí náà má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Bí ó bá le gbagidi tí kò wọlẹ̀, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ló daṣẹ́ sílẹ̀: fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Bí ó bá dúró lágbedeméjì, nǹkan ló há sábẹ́ rẹ̀. Mo ti yọ ike omi kúrò lábẹ́ bíréékì oníbàárà rí. Fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò. Má bẹ̀rẹ̀ wò ó, ojú rẹ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́nà.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe tirẹ̀, kí ọwọ́ máa já jíà wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ máńúà, láti 5 sí 4, sí 3, sí 2, kí o jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fa mọ́tò sẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó bọ́ sí èyí tó kàn. Bí ó bá jẹ́ ọ́tò, mú un kúrò ní D wá sí 3, sí 2, sí L, tàbí S tàbí B nínú àwọn mìíràn. Má fi sí P, má sì fi sí R.

Háńbíréékì ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe jù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, okùn irin ló ń fà á, kì í ṣe ọ́ìlì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mú nígbà tí ọ́ìlì bá ti dà nù. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń mú. Bí o bá fà á lójijì lórí eré 80, táyà ẹ̀yìn á há, ìdí mọ́tò á sì yí ọ ká. Tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, má jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí táyà bá ń ké tàbí ìdí mọ́tò bá ń fì, dẹ̀ ẹ́, kí o tún fà á. Àwọn mọ́tò tuntun tó jẹ́ bọ́tìnnì kékeré ni wọ́n ní, fà á kí o sì dì í mú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà mọ́tò ni yóò máa dín eré kù títí yóò fi dúró. Tan pọ́ìntà méjèèjì, kí o máa fọn fèrè láìdákẹ́.

Àkànní (Calgary):
Ẹ ṣé é, Bọ̀dá. Tírélà ni èmi ń wà gba orí àwọn òkè British Columbia. Lójú ọ̀nà Coquihalla, wọ́n la ọ̀nà àbáyọ sí ẹ̀gbẹ́ títì fún ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ bá lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn ni wọ́n kó sí i, òun ló ń gbé táyà mì tí ọkọ̀ fi ń dúró. Mọ́tò kékeré náà lè wọ̀ ọ́. Ìwọ tí o wà ní ilẹ̀ olókè, máa wo àmì rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Níbi tí kò bá sí, wá ọ̀nà tó ń gòkè, tàbí iyanrìn, tàbí igbó etí títì tí kò ní igi ńlá. Bí irin bá wà létí ọ̀nà, fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha á, má forí sọ ọ́. Ara mọ́tò á bó, kò burú.

Ohun kan ń dùn mí nípa ilé. Àwọn awakọ̀ kan máa ń fi mọ́tò sí fríì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Odò Ọbà, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì ò fa mọ́tò sẹ́yìn mọ́, bíréékì nìkan ló ń gba gbogbo ìyà, ó sì ń gbóná. Ọ́ìlì DOT 3 tuntun kì í hó títí yóò fi gbóná dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tó bá sì ti fa omi dáadáa, ní nǹkan bíi 140 ló ti lè hó. Tó bá hó, ooru ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn: kí wọ́n wọ jíà kékeré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, pàápàá lójú ọ̀nà tóóró tí tírélà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ṣọlá (Birmingham):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n fi èyí kún un: tí mọ́tò bá ti dúró, ẹ má tún wà á, ì báà ṣe dé ilé. Nílé, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ sì pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 122. Lójú ọ̀nà motorway níbí, ẹ má gbé e kalẹ̀ rárá, òfin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ilẹ̀kùn apá òsì jáde, kí ẹ lọ dúró lẹ́yìn irin. Bọ̀dá Ìṣọ̀lá, ẹ jọ̀wọ́, Camry tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ sílé kò ní háńbíréékì láàárín ìjókòó. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Báwo ni ti ìyẹn?

Bọ̀dá Ìṣọ̀lá (Houston):
Ẹ ṣé, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Camry tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà lọ ṣe rí. Bí ó bá ní ohun tí a fi ń tú u lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí awakọ̀ fi ọwọ́ fa ìyẹn mọ́ra láìjọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìtẹ̀ kejì ló ń tú u ṣòro díẹ̀: kí ó rọra máa tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀, kí ó má gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní pápá tó ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lórí eré 20. Ọ̀pọ̀ ni yóò rí i pé okùn rẹ̀ ti dẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Halifax):
Ẹ ṣeun, Bọ̀dá, ẹ ṣeun, Mà. Mo ti pe àbúrò mi, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní iná pupa kan ti ń tàn, tó ń kú, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti ìjẹta, òun rò pé háńbíréékì ni kò tíì tú tán.

Bọ̀dá Ìṣọ̀lá (Houston):
Kó má wa mọ́tò yẹn lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́la. Iná kan náà ló ń tàn bí ọ́ìlì bíréékì bá ti wálẹ̀. Kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wo ike ọ́ìlì náà bóyá ó wà láàárín MIN àti MAX. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, kó má kàn bu òmíràn sí i lásán, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, á ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Páàdì ti jẹ tán tàbí ó ń jò níbì kan. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wò ó bóyá ó tutù. Mẹkáníìkì ni kó wá bá a nílé, kì í ṣe pé kó wà á lọ bá mẹkáníìkì. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó, fún un ní nọ́ńbà mi.