Ewé kan lójúmọ́: “àjọkà” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ẹgbẹ́ òǹkàwé”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ lórí Daf Yomi, ètò tí àwọn Júù fi ń ka Talmud, àkójọ ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ ìsìn wọn, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, sí Yorùbá bi wá ní nǹkan méjì: kí ni kí òun máa pe ẹgbẹ́ tí àwọn Júù máa ń kó jọ láti ka ìwé kan náà, àti pé ṣé “ojú ìwé ojoojúmọ́” gbé Daf Yomi? Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí “ẹgbẹ́ òǹkàwé” àti “ojú ìwé”. Ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ìwé kúrò nílẹ̀ ná. “Daf” kì í ṣe ojú ìwé. Ewé ni, tojú tẹ̀yìn. Ojú kọ̀ọ̀kan ewé náà ní orúkọ tirẹ̀, “amud”, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 2a, 2b, 3a nínú Talmud. Láti ìgbà tí Daniel Bomberg ti tẹ̀ ẹ́ ní Venice ní nǹkan bí ọdún 1520 ni wọ́n ti ń kà á bẹ́ẹ̀. Orí 2 náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìwé inú Talmud ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí 1. Ewé 2,711 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́, ó ń gbà wọ́n ní ọdún méje àti oṣù márùn-ún. Tí ẹ bá wá kọ “ojú ìwé kan lójúmọ́”, ẹ ti gé iṣẹ́ òòjọ́ wọn sí méjì, ẹ sì ti sọ ọdún méje di bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Arákùnrin kan ní “ewé” yóò gbé ọkàn àwọn èèyàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Èyí ò bà mí lẹ́rù. Àwa náà là ń kọ “ojú ewé 45” sínú ìwé wa. Ṣé ojú ewé lè wà kí ewé má sí ni? Ibi tí ewu wà ni àmì ohùn. “Ka ewé” yàtọ̀ sí “ká ewé”, ẹni tí ò bá fàmì sí i, agbọ̀n ni wọn yóò gbé tẹ̀ lé e.

Ó wá ku orúkọ ẹgbẹ́. Òǹkàwé ni ẹnikẹ́ni tó bá ń kàwé. Ogún òǹkàwé lè jókòó sínú ilé ìkàwé kan, kí ogún ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí Rábì Meir Shapiro gbé síwájú àpérò Agudath Israel, ẹgbẹ́ àwọn Júù onísìn, ní Vienna ní 1923 kọ́ nìyẹn. Ewé kan náà, lọ́jọ́ kan náà, níbikíbi tí Júù bá wà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń sọ pé ó lò ni ti ọkùnrin kan tó wọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì lọ sí Amẹ́ríkà, tó ń ka ewé tirẹ̀ lójoojúmọ́ lórí omi, tó gúnlẹ̀ sí New York, tó yà sí sínágọ́gù, tó sì bá àwọn tí kò mọ̀ rí lórí ewé ọjọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ tó máa gbé èyí gbọ́dọ̀ ní “jọ” nínú. Ẹni tó dábàá “àkàpọ̀” gbìyànjú, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ ìṣirò níbẹ̀: ká ka owó pọ̀, ká mọ iye tó jẹ́. “Àjọkà” ni tèmi. Àwọn kan ti sọ pé “jọ” ń béèrè pé kí wọ́n wà lójú kan. Rárá o. A ní àjọgbé, a ní àjọbí. Àwọn àjọgbé ló ń gbé ilé kan. Àwọn àjọbí lè fọ́n ká gbogbo ayé, àjọbí ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Àjọkà yìí, ẹ̀gbẹ́ àjọbí ló wà. Ó tiẹ̀ pẹ́ tí àwọn kan ti ń ṣe tiwọn nínú ọkọ̀ ojú irin Long Island, láti Far Rockaway wọ Manhattan, bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Àbí ẹ ò rí i pé “kà” tiwa náà wúlò níbí? Ìwé àti owó, “kà” kan náà là ń lò. Èdè Hébérù sún mọ́ ọn: “sefer” ni ìwé, “safar” ni kíka iye. Talmud fúnra rẹ̀ sọ pé ìdí tí wọ́n fi ń pe àwọn àgbà àtijọ́ ní “soferim” ni pé wọ́n a máa ka iye lẹ́tà inú Tórà. “Akọ̀wé” ni Bíbélì wa pè wọ́n. Kò burú, àmọ́ kíkà yẹn ti bọ́ sọ nù.

“Chavruta” ńkọ́, àwọn méjì tó ń dojú kọra wọn lórí ewé kan, tí wọ́n ń kà á sókè, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn? Ẹ̀gbọ́n kọ “ọ̀rẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́”. Ó ti rọ̀ jù. Alábàárìn wà, alábàágbé wà, alábàákà náà lè wà.

Ti “siyum”, ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ka ìwé tán, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá nǹkan kan. Ọmọ ilé kéwú mọ wòlímọ̀. Ẹni tó bá rí bí èrò ṣe kún pápá ìṣeré MetLife ní New Jersey fún siyum Daf Yomi ní ọjọ́ kìíní ọdún 2020 á mọ̀ pé wòlímọ̀ ńlá ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín nìyí. Bí wọ́n bá parí ìwé kan, wọ́n máa ń bá ìwé náà sọ̀rọ̀, “Hadran alach”: a ó padà sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ náà yóò padà sọ́dọ̀ wa. Ìwé àgbà ni. Ṣé “ìwọ” la ó pè é ni, àbí “ẹ̀yin”? Ọkàn mi wà lórí “ìwọ”, ṣùgbọ́n ìyá mi ní mo ya aláìmọ̀wàáhù. Ẹ dá sí i o. Bí wọ́n bá ka Talmud tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè; oṣù kẹfà 2027 ni ìyípo kẹrìnlá tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí yóò parí, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ kí ìtumọ̀ òun jáde kí wòlímọ̀ tó dé.