Ọ̀rọ̀ owó-orí ETF tí mo bèèrè ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí wọ́n fi ń gé èrè ETF mi (àkójọ ìpín ilé-iṣẹ́ púpọ̀ tí à ń rà bí ẹyọ kan) ní Ìkòròdú níbí, tí wọn kì í gé ti àbúrò mi ní Houston, bẹ́ẹ̀ ETF kan náà la jọ rà. Ó ti yé mi, kí n pa á dé.

Àkáǹtì ló yàtọ̀. Inú Roth IRA, ìyẹn àkáǹtì ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, ni tirẹ̀ wà: owó tó ti san owó-orí lé lórí ló ń fi síbẹ̀. Tó bá pé ọdún 59 àti ààbọ̀, tí àkáǹtì sì ti pé ọdún 5, kò ní san kọ́bọ̀ lórí èrè. Ká ní àkáǹtì lásán ni, ọdọọdún ni yóò máa san owó-orí lórí dividend, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín.

Tèmi ló ká mi lára. Dọ́là 40 ló yẹ kó wọlé, wọ́n yọ 12, ó ku 28. Mo rò pé àwọn tó bá mi rà á ló rẹ́ mi jẹ. Rárá o. Amẹ́ríkà ló ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dividend àlejò tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá wọn ṣàdéhùn owó-orí, Nàìjíríà kò sì ní àdéhùn yẹn. Mo ti bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo pariwo mọ́ lórí fóònù.

ETF tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ireland ni mo ń rà báyìí, torí ìdá 15 péré ni Amẹ́ríkà ń yọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n yẹ fọ́ọ̀mù W-8BEN mi wò (èyí tí àlejò fi ń sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí owó-orí Amẹ́ríkà), ẹ ṣé gan-an. Mo rí i, òfo ni ibi àdéhùn wà.