"Arìn" kọ́, "àmúrìn" ni: lórí orúkọ tó yẹ irú eré bíi South Park

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe irú eré tí South Park (eré orí amóhùnmáwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi àwòrán ṣe dípò òṣèré) jẹ́: "eré ọmọdé fún àgbà", "àwòrán arìn" àti "àwàdà aláfojúdi". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Púpọ̀ nínú ìjà tí àwọn òǹwòran ń bá ara wọn jà lórí eré yìí, orúkọ ló ń dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "eré ọmọdé" kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á gbé ọmọ ọdún méje jókòó síwájú amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ìsọkúsọ bá bẹ̀rẹ̀, á ní wọ́n tan òun jẹ. Láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì amóhùnmáwòrán Comedy Central ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ni àmì TV-MA ti wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé kò yẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Ọmọdé ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. "Àgbà" lásán náà kò tó, torí "ọ̀rọ̀ àgbà" létí wa, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. "Ti àgbàlagbà" sọ ọjọ́ orí, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí "àwòrán arìn". Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" tó ní ohùn àárín, ẹni tàbí nǹkan tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí: apẹja ló ń pa ẹja, asọ̀rọ̀mágbèsì ló ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Nítorí náà "arìn" ni ohun tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìyẹn bá sinimá mu, torí òṣèré rìn lóòótọ́ kí kámẹ́rà tó ká a mọ́ ibẹ̀. Nínú South Park, kò sí ohun tó rìn rárá. Nígbà tí Trey Parker àti Matt Stone, àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ń ṣe apá àkọ́kọ́, bébà aláwọ̀ ni wọ́n gé: orí lọ́tọ̀, ojú lọ́tọ̀, ẹnu lọ́tọ̀. Wọn á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà, wọn á ya fọ́tò kan, wọn á sún ẹsẹ̀ bébà síwájú díẹ̀, wọn á tún ya òmíràn. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tilẹ̀ jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún àyè méjì, bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe, 12 ṣì kù láti tò, ìyẹn 720 fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì gbá bébà, orí á fò kúrò lọ́rùn nínú eré. Bí iná tó tàn sí i bá yí padà díẹ̀, gbogbo àwòrán á máa ṣẹ́jú. Lẹ́yìn apá àkọ́kọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣì rí bíi bébà. Ẹni tó bá sì fẹ́ dábàá "àfọwọ́yà", òun náà ti rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ yà á.

"À-" tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ni a nílò, èyí tó wà nínú "àfọwọ́kọ": ẹlòmíràn ló ṣe nǹkan ọ̀hún sí i. À-mú-rìn, àmúrìn. Àwòrán àmúrìn ni èyí tí kò lè rìn tí ẹnì kan mú rìn. "Àtòrìn" ìbá dára jù ú lọ, nítorí títò gan-an ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n "àtòrì" tí a fi ń na ènìyàn ni etí á gbọ́.

Ní ti "aláfojúdi", àfojúdi máa ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni, láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí àgbà. Eré yìí kò mọ òkè kò mọ ilẹ̀. Ní 2005 ó fi ìjọ Scientology ṣe ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìjọ náà ni Isaac Hayes tó ń fi ohùn rẹ̀ ṣe Chef, alásè ilé ẹ̀kọ́, nínú eré. Ní 2006 Hayes kúrò nínú eré náà. Àwọn tirẹ̀ pàápàá, wọn ò wojú wọn. "Àwàdà aláìwojú" ni mo fara mọ́, torí "kò wojú ẹnikẹ́ni" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká da ẹ̀fẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsọkúsọ. Ẹ̀fẹ̀ ní ẹni tó ń bá wí; ìsọkúsọ kò ní. Méjèèjì wà nínú South Park, nígbà mìíràn lẹ́nu ẹnì kan náà, ìdí nìyẹn tí òǹwòran méjì fi lè wo apá kan náà kí wọ́n má gbọ́ ohun kan náà. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe apá kan, nítorí náà ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn lè wọnú rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ á sì mú. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí mọ́. Ìsọkúsọ nìkan ló máa kù sí i létí.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni olórí eré náà: Stan, Kyle, Kenny àti Cartman. Bí Stan bá kígbe pé "Wọ́n ti pa Kenny!", ó dà bí "wọ́n ti jí owó mi", tí a kì í mọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́. Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: "Àwọn èèyàn yìí ti pa Kenny!" Nígbà náà ni "Ẹ̀yin ọmọ àlè!" tí Kyle fi gbè é yóò rí ẹni bà.

"O" àti "ẹ" ni mo kà sí jù. Bí gbogbo àwọn ọmọ náà bá ń pe òbí àti olùkọ́ ní "o", gbogbo wọn di aláìlẹ́kọ̀ọ́, Cartman kò sì yàtọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí Stan àti Kyle máa lo "ẹ", kí Cartman nìkan máa wí fún ìyá rẹ̀ pé "o ò gbọ́ ni?" Nígbà tí wọ́n sì fi Cartman ṣe ọlọ́pàá, tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣẹ òun, ó ṣi ọ̀rọ̀ "àṣẹ" yẹn pè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín wà. Lédè wa, ẹ jẹ́ kó ṣì í pè báyìí: "Ẹ bọ̀wọ̀ fún àsè mi!" Ọmọ tó sanra, tí oúnjẹ ò sú, ló ń sọ ọ́.