Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé nọ́ọ̀sì àbúrò mi
Ẹ rántí pé mo bèèrè láti Abẹ́òkúta bí àbúrò mi tó ní green card l'Amẹ́ríkà ṣe máa rówó kàwé LPN, ìyẹn nọ́ọ̀sì ìpele kékeré tó ní ìwé àṣẹ. FAFSA tẹ́ ẹ sọ, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìrànwọ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ṣiṣẹ́! Ọ̀fẹ́ ni, a jọ fíìlì ẹ̀ lórí WhatsApp lóru, iná ti lọ ní Kútọ̀, fóònù mi ku bátìrì díẹ̀ bá a ṣe tẹ submit. Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, ti wọlé, kò ní san án padà. Àmọ́ ilé-ìwé tó kọ́kọ́ yàn ò sí lára àwọn tó ń gba owó ìjọba yẹn, ó ní láti wá òmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò. Owó WIOA (ètò ìjọba tó ń ran àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́), ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n bá a san. Ó ku $200 ìdánwò NCLEX-PN tó máa fi gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, à ń tọ́jú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.